Orí Keje: Ibi Tí Irin Dúró Sí

Ahọ́n irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà ti pọ́n kí Àwẹ̀ró tó gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnì. Ó pọ́n, ó funfun, ó já. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró rẹ̀ kò ju ti ẹni tó fi èékánná ta dígí. Lẹ́yìn náà, àpótí irin tó wà láàárín yàrá ṣókùnkùn padà.

"Ó ti yọ́," ni Àwẹ̀ró wí.

"Ó ti yọ́," ni Ẹlẹ́rìí dáhùn láti inú ògiri. Ohùn ẹ̀rọ náà kì í yára, kì í falẹ̀. "Ojú Ìràdò rí mọ́kànlélọ́gọ́sàn-án. Òfin ní mọ́kàndínláàádọ́jọ. Ojú Ìràdò ń fi méjìlélọ́gbọ̀n lé ohun tó ń rí. Ẹ yọ ọ́ kúrò."

Kò sẹ́ni tó ń pe ẹgbẹ̀rún méjì tó ṣáájú iye ooru nínú Ilé Ìwọ̀n. Gbogbo wọn mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Látúndé fò dìde lórí àga. Òun ni olórí Ìkòkò Ìràdò, iná oòrùn tó ń mú ilé tútù ìlú náà ṣiṣẹ́. Ìdájí ọjọ́ náà ló dé, ó gbé ojú ìlú rẹ̀ sórí itan, ó fi òwú wé e bí ẹni gbé ẹyin. Ojú náà kò tóbi ju ìkúùkù lọ: dígí kan níwájú, wáyà kan lẹ́yìn. Òun ni Ìràdò fi ń wo iná inú Ìkòkò wọn láti òkèèrè, nítorí kò sí ohun tí wọ́n lè tì bọ ibẹ̀ tí kò ní yọ́.

"Méjìlélọ́gbọ̀n!" ni Látúndé wí. "Ẹ̀rọ yìí, jọ̀ọ́, tún un sọ."

"Méjìlélọ́gbọ̀n."

"Áà! Ìyá Ìwọ̀n, ṣé ẹ gbọ́? A ti ń febi pa Ìkòkò wa látọdún tó kọjá, a ò mọ̀! Ojú yìí ń parọ́ fún wa!"

Àwẹ̀ró ń wo dígí dúdú tó wà níwájú rẹ̀, níbi tí ahọ́n ti tàn.

Baba Ojédòkun wà ní igun yàrá, ó ń pa ẹ̀pà jẹ. Ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń fọ ahọ́n fún Ilé Ìwọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì. Síbẹ̀ ó ń wá lójoojúmọ́.

"Jẹ́ kó fò," ni Baba wí. "Ẹni bá ń gbé Ìràdò yẹ kó fò."

"Baba, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jókòó nínú afẹ́fẹ́ tútù látàárọ̀."

"Mo sin ilé yìí fún ọgbọ̀n ọdún. Afẹ́fẹ́ yìí ni owó ìfẹ̀yìntì mi."

Agogo ọ̀sán dún. Irin ńlá bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó tì í. Láti àkókò yẹn di aago mẹ́rin, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wà lóde ní gbogbo Òkè-Ògùn. Lójú fèrèsé, oko dígí bo ẹ̀gbẹ́ òkè náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dígí kọjú sí ilé ìṣọ́ kan láàárín, wọ́n ń da oòrùn sórí Ìkòkò tó wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan tó fi aṣọ funfun bora látòkè délẹ̀ sáré wọ inú ihò. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ohun tó mi mọ́ lóde.

"Wákàtí mẹ́rin," ni Látúndé wí. "Wọ́n ń retí mi nílé."

"Ẹ jókòó," ni Àwẹ̀ró wí.

"Ìyá Ìwọ̀n, ẹ ò mọ bó ṣe rí. Ilé tútù méjì la ní. Ìkòkò ò lágbára tó, a ti ìkejì pa. Ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ló ń pín ilé kan lò. Wọ́n kọ́ ọ fún ẹgbẹ̀ta. Ìyá mi ń wọlé fún wákàtí mẹ́rin, ó ń jáde fún wákàtí mẹ́rin. Ẹni ọgọ́rin ọdún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a sin ọmọ mẹ́ta." Ó na ọwọ́ sí pẹpẹ bàbà kékeré tó wà lára ògiri. "Ẹ kàn gbé ọwọ́ lé e. Bí mo bá yọ méjìlélọ́gbọ̀n, mo lè fi oòrùn kún ti Ìkòkò. Ilé kejì á ṣí lọ́la."

Àwọ̀ bàbà náà ti ṣí níbi tí ọwọ́ ti máa ń kàn án. Ìwọ̀n tí ọwọ́ olùwọ̀n kò bá sí lórí rẹ̀ kò tíì di ìwọ̀n.

"Ẹlẹ́rìí," ni Àwẹ̀ró wí, "ojú mélòó la ti wọ̀n láti oṣù Ṣẹẹrẹ?"

"Mẹ́sàn-án, yàtọ̀ sí tòní."

"Kí la yọ lára wọn?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọgbọ̀n. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Méjìlélọ́gbọ̀n. Ọgbọ̀n…"

"Ó tó."

"Kí ni ìyẹn kàn mí?" ni Látúndé bi í.

"Ta ló gé dígí ojú yín?"

"Ẹlẹ́rọ kan ní Ìràdò. Ó ti kú."

"Etíkun ni ìlú Ọ̀tẹ̀rẹ̀ ti ra tiwọn. Ti Agbede-Òkúta ti pé ogójì ọdún. Ti Ìsàlẹ̀-Èèrù, ọdún tó kọjá ni wọ́n gé e. Ojú mẹ́wàá, ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe wọ́n. Báwo ni gbogbo wọn ṣe ń pa irọ́ kan náà?"

"Eruku ọyẹ́ ni."

"Eruku máa ń jẹ́ kí ojú rí ohun tó kéré. Kì í jẹ́ kó rí ohun tó pọ̀."

Látúndé padà jókòó.

Lórí ojú kẹrin, ní oṣù Èrèlé, ni iyèméjì ti kọ́kọ́ wọ ọkàn Àwẹ̀ró. Ó fi ọjọ́ kan rò ó. Lọ́jọ́ kejì ó gbé ọwọ́ lé bàbà. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń yọ̀. Agbede-Òkúta kó iṣu ránṣẹ́ sí i. Ó sì jẹ iṣu náà.

"Ẹ jẹ́ kí n béèrè ọ̀rọ̀ kan, mà," ni Látúndé wí. Ohùn rẹ̀ ti le díẹ̀. "Mi ò kàwé tó yín. Ṣùgbọ́n ìwé tó wà lọ́dọ̀ wa ní irin nióbíọ́mù tí ẹ fi ṣe ahọ́n yìí ń yọ́ ní ẹgbẹ̀rún méjì, irinwó ó lé mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ẹ̀yin ń pe mọ́kàndínláàádọ́jọ. Ó fi ju ọ̀ọ́dúnrún lọ. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin gan-an lẹ ṣì í?"

"Ìyẹn ni ooru ara rẹ̀. Èyí tí à ń pè ni ooru ojú. Irin kì í tú gbogbo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ síta, ó máa ń dá díẹ̀ dúró. Ohun tó bá tú síta nìkan ni ojú ń rí."

"Ohun tí kò pé lẹ wá fi ń ṣe òdiwọ̀n?"

"Bó bá ti ń yọ́, iye kan náà ló ń tú síta. Níbí, létíkun, lónìí, lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Ìdí tí a fi gbà á gbọ́ nìyẹn."

Ó yíjú sí ògiri. "Ẹlẹ́rìí, fi ìlà hàn mí."

"Ìlà wo?"

"Bí ooru ṣe gòkè. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ó fi já."

"Ó di ọdún mẹ́tàlélógójì tí ẹnikẹ́ni ti béèrè ìlà kẹ́yìn."

"Mo béèrè."

Ìlà òféfèé kan yọ lójú dígí dúdú. Ó gòkè sánsán bí igi ọ̀pẹ. Lókè pátápátá, ó wú bí eéwo. Lẹ́yìn eéwo náà, ó wálẹ̀ díẹ̀, ó wá lọ tààrà, ó tẹ́jú, títí ó fi já.

Àwẹ̀ró fi ìka tọ́ eéwo náà. "Níbí ńkọ́?"

"Mọ́kànlélọ́gọ́sàn-án."

Ó fà á wá síbi tó tẹ́jú. "Níbí?"

"Mọ́kàndínláàádọ́jọ."

Baba Ojédòkun gbé àwo ẹ̀pà sílẹ̀.

"Kí ló dé tí o fi mú ti òkè?" ni Àwẹ̀ró bi ẹ̀rọ náà.

"Òfin ní kí n mú èyí tó ga jù lọ kí ahọ́n tó já. Mo mú un."

Látúndé ti sún mọ́ dígí. Ó wò ó, ó tún un wò. Kì í ṣe òmùgọ̀. "Ó dáa," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n bóyá ó ti rẹ ojú náà. Ó rí iná ńlá lójijì, ó ṣẹ́jú. Ibi tó tẹ́jú yẹn lè jẹ́ ìgbà tó ń ṣẹ́jú. Ó lè jẹ́ ti òkè yẹn gan-an ni òótọ́."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀," ni Àwẹ̀ró wí.

"Ẹ ń gbà bẹ́ẹ̀?"

"Mo ní ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mi ò ní ó rí bẹ́ẹ̀."

Ó ṣí àpótí tí wọ́n ń kó ahọ́n sí, ó mú ọ̀kan jáde, ó gbé e fún Baba. Kò gùn ju ìka àárín lọ, kò nípọn ju èékánná. Baba fi àtàǹpàkò ra á. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìmọ́lẹ̀, ó di ojú kan.

"Ta ló fọ eléyìí?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ ìsàlẹ̀."

"Ewé eépín ni wọ́n fi parí ẹ̀."

"Ẹ̀yin náà máa ń lo eépín."

"Lọ́jọ́ kìíní! Eépín lọ́jọ́ kìíní, eérú lọ́jọ́ kejì, awọ lọ́jọ́ kẹta. Wò ó. Ara rẹ̀ dà bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí. Ta ló ní kí wọ́n dá a dúró níbẹ̀?"

"Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta ti pọ̀ jù. Láti oṣù Ṣẹẹrẹ."

"Mo sọ fún wọn," ni Baba wí. Inú rẹ̀ dùn, ó sì ń bínú. "Irin tí kò dán kò lè sọ òótọ́. Mo sọ fún wọn títí ẹnu fi ro mí."

"Baba, mo rò pé ó ń sọ òótọ́. Àwọn ebè yẹn ló ń jẹ́ kó mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nígbà tó bá ń gòkè. Bó bá ti yọ́, ebè á parẹ́. Tó bá di omi, kí ló kù tó fi yàtọ̀ sí èyí tó dán?"

"Kò rí bẹ́ẹ̀. Dídán ni gbogbo rẹ̀."

"A óò rí i."

"Ìyá Ìwọ̀n," ni Ẹlẹ́rìí wí, "ọwọ́ yín ni mo ń dúró dè."

"Mi ò ní gbé e lé e."

"Ẹ mọ òfin," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Olùwọ̀n tó bá kọ ohun tí mo rí, ahọ́n tirẹ̀ ni yóò sọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni láyé rẹ̀. Bí ahọ́n náà bá tì mí lẹ́yìn, a óò pa ọwọ́ yín rẹ́ lórí bàbà."

"Mo mọ̀ ọ́n."

Lára ògiri kejì, ahọ́n mọ́kànlá wà nínú dígí, orúkọ olùwọ̀n kọ̀ọ̀kan lábẹ́ tirẹ̀. Ọjọ́ tí olùwọ̀n bá búra ni wọ́n ń fún un. Bí kò bá lò ó, wọn yóò yọ́ ọ lọ́jọ́ tó bá fẹ̀yìn tì, wọn yóò kó èyí tó bá ṣẹ́kù fún àwọn ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà tí Ilé Ìwọ̀n ti wà, ẹni mẹ́ta péré ló ti bá Ẹlẹ́rìí jiyàn. Ẹni méjì jẹ̀bi. Ọ̀kan nínú wọn parí ayé rẹ̀ níbi tó ti ń nu dígí lóko.

Látúndé rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí. "Ìyá Ìwọ̀n, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá. Bí ẹ bá jẹ̀bi, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá jàre ńkọ́? Èdìdì mẹ́sàn-án tí ẹ ti fi síta á di irọ́. Ọwọ́ ta ló wà lórí wọn?"

"Ọwọ́ mi."

"Ẹ̀yin náà lẹ máa lọ tú wọn. Ẹ máa dúró ti Ìkòkò mẹ́sàn-án tó ti gbóná kọjá ààlà. Lọ́nà méjèèjì, ẹ̀yin lẹ máa pàdánù. Ẹ gbé ọwọ́ lé e, mà, ẹ jọ̀ọ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Ìkòkò yín á mọ̀. Òkúta tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀ kò lè gbà ju ogún lọ lórí ààlà. Ẹ̀ ń béèrè méjìlélọ́gbọ̀n."

"Àwọn mẹ́sàn-án yẹn ṣáà ń ṣiṣẹ́."

"Oṣù méjì àbọ̀ ni èyí tó pẹ́ jù. Òkúta kì í là lọ́jọ́ kan. Bó bá là lọ́sàn-án, nígbà tí gbogbo ìlú wà nínú ilé tútù, tí ilẹ̀kùn wà ní títì, ta ló máa jáde?"

Látúndé fi ọwọ́ nu ojú.

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Pátápátá?"

"Mo rí i tó tàn, tó sì rẹlẹ̀ díẹ̀ kó tó dúró. Ojú ara mi ni mo fi rí i. Ìgbà mẹ́wàá ni mo ti rí i lọ́dún yìí. Kí ó tó di ọdún yìí, mi ò rí i rí."

Àwẹ̀ró dìde, ó ṣí dígí lára ògiri, ó mú ahọ́n tirẹ̀. Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tó ti wà níbẹ̀. Ó dán tó bẹ́ẹ̀ tó fi rí imú ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi fọ ìyẹn," ni Baba wí láti igun. "Kì í ṣe mẹ́ta."

"Ẹ ṣeun, Baba."

Ó fi í há ìdìmú méjèèjì tó wà nínú àpótí irin, ó dè é. Ó ní kí Látúndé fúnra rẹ̀ yẹ ojú Ìràdò wò lórí ìdúró rẹ̀, kó má baà sọ lọ́la pé ẹnikẹ́ni sún un. Látúndé yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yí ìdè kan le sí i, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́ jáde nínú àpótí. Ó kùn, ó kùn, ó dákẹ́.

"Gbọ́, Ẹlẹ́rìí," ni Àwẹ̀ró wí. "Bó bá jẹ́ ojú ló ń ṣẹ́jú, ó máa ṣẹ́jú fún eléyìí náà, a óò rí eéwo. Bó bá jẹ́ ebè eépín ló fa eéwo, a ò ní rí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọ̀gbẹ́ni Látúndé, ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀?"

"Mo gbà."

"Baba?"

"Tẹ̀ ẹ́ jàre. Ẹ̀pà ń di tútù."

Ó tẹ̀ ẹ́.

Ó pọ́n, ó funfun, ó já.

Ìlà kejì yọ lójú dígí, funfun, lórí òféfèé tó ti wà níbẹ̀. Bó ṣe ń gòkè, ìsàlẹ̀ ìlà àkọ́kọ́ ló gbà. Kò wú. Ó dé òkè, ó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, ó sì tẹ́jú. Láti ibi tó ti tẹ́jú, ìlà méjèèjì di ọ̀kan. Òféfèé kò hàn mọ́ lábẹ́ funfun.

"Ibi tó ga jù?" ni Àwẹ̀ró béèrè.

"Mọ́kàndínláàádọ́jọ."

"Ibi tó dúró sí?"

"Mọ́kàndínláàádọ́jọ."

"Ojú Ìràdò ńkọ́?"

Baba gbé ẹ̀pà kan sókè, kò jẹ ẹ́.

"Ojú Ìràdò kò yẹ̀," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Èmi ni mo yẹ̀. Ìyá Ìwọ̀n jàre. Láti òní lọ, ibi tí irin bá dúró sí ni n óò máa mú."

Àwẹ̀ró jókòó. Nígbà náà ló tó mọ̀ pé ẹ̀yìn ń dùn ún.

"Àwẹ̀ró," ni Baba wí, "ahọ́n wúruwùru yẹn, tí wọn ò fi awọ kàn. Òun náà dúró síbẹ̀?"

"Ibẹ̀ náà ló dúró sí, Baba."

"Ibì kan náà pẹ̀lú tèmi? Ti ọjọ́ mẹ́rin?"

"Ibì kan náà."

Baba wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Àtàǹpàkò rẹ̀ ọ̀tún ti pẹlẹbẹ látinú iṣẹ́ náà. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi fọ irin tí kò béèrè fún un."

"Irin kò béèrè. Ẹ̀rọ yìí ló ń béèrè. Gbogbo ọdún tí ẹ fi ń fọ̀ ọ́, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan."

Baba rò ó. "Jẹ́ kí wọ́n kọ ìyẹn sílẹ̀ níbì kan," ni ó wí, ó sì ju ẹ̀pà sẹ́nu.

Látúndé kò rẹ́rìn-ín. Ó ti tú ojú Ìràdò kúrò lórí ìdúró rẹ̀, ó ń fi òwú wé e. Ó wé e dáadáa, bó ṣe gbé e wá.

"Kí ni kí n wí fún wọn nílé?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ojú wọn ríran."

"Wọn ò lè fi ìyẹn fẹ́ ara."

"Rárá."

"Ìyá mi máa bi mí bóyá mo bẹ̀ yín."

"Ẹ sọ fún un pé ẹ bẹ̀ mí dáadáa. Ìkòkò yín á wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ sì máa wà níbẹ̀ láti tún bẹ̀ mí. N óò kọ̀wé sí àwọn tó ń pín dígí. Bí oòrùn ò bá ṣe é fi kún Ìkòkò kan, kí wọ́n fún yín ní Ìkòkò kejì. Ọwọ́ mi máa wà lórí ìwé náà. Lẹ́yìn òní, wọ́n á kà á."

Látúndé mi orí pé òun gbọ́.

"Ìyá Ìwọ̀n," ni Ẹlẹ́rìí wí, "èdìdì mẹ́sàn-án."

"Pe àwọn ìlú náà. Ní kí wọ́n dín oòrùn kù."

"Wọn ò lè dín in kù. Iye tí èdìdì bá sọ ni àwọn dígí oko ń tẹ̀ lé. Ọwọ́ tó fi í sí i nìkan ló lè tú u, lórí bàbà ìlú náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkòkò."

"Mo mọ̀. Pè wọ́n kí wọ́n kó àwọn èèyàn kúrò nítòsí rẹ̀. Èwo ló pẹ́ jù?"

"Ọ̀tẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rin."

"Ọ̀tẹ̀rẹ̀ la ó kọ́kọ́ lọ."

Irin ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gòkè ní aago mẹ́rin. Ooru wọlé bí èèyàn. Àwẹ̀ró ti wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó ti di omi mọ́ ìbàdí. Ọkọ̀ Ilé Ìwọ̀n kò tíì padà láti ìrìn àná. Látúndé dúró ti ọkọ̀ tirẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ojú Ìràdò wà lórí àga iwájú.

"Ẹ wọlé," ni ó wí.

"Ọ̀tẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà yín."

"Mo mọ ọ̀nà mi, mà. Ẹ bá mi gbé ojú yìí sórí itan. Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́."

Lọ́nà, Látúndé bi Àwẹ̀ró bóyá ahọ́n rẹ̀ tó lọ yẹn ń dùn ún. Àwẹ̀ró ní ohun tí wọ́n ṣe é fún ló ṣe.

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n dé. Olórí Ìkòkò Ọ̀tẹ̀rẹ̀, obìnrin kúkúrú kan tó ń jẹ́ Mọrẹ́mikẹ́, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ìkòkò náà ń kùn lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí a fi kún un," ni Mọrẹ́mikẹ́ wí. Kò kí i.

"Èmi ni. Mo ṣì í. Mo wá yọ ọ́ kúrò."

"Ilé kejì wa máa tì."

"Ó máa tì."

Mọrẹ́mikẹ́ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé àtùpà sókè, ó mú un lọ sẹ́yìn Ìkòkò, ó fi ìlà kan hàn án lára òkúta. Ó tín-ín-rín bí irun. Ó gùn tó apá. "Ìjẹta la rí i. Àwọn ọmọ mi ní eruku ni."

Àwẹ̀ró fi ìka lé e, ó yára mú un kúrò. Ó gbóná.

Ó lọ síbi bàbà, ó gbé ọwọ́ lé e. Ó pe orúkọ rẹ̀, ó pe iye tó fi kún un tẹ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n yọ ọ́. Lóko, àwọn dígí bẹ̀rẹ̀ sí í yí ojú kúrò, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì. Ìkùn inú Ìkòkò sọ̀kalẹ̀. Wọ́n dúró níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣíwọ́ gbígbọ̀n. Ìlà ara òkúta náà kò gùn sí i.

Àwọn èèyàn ti ń jáde láti ilé tútù kejì, wọ́n gbé ẹní, wọ́n gbé ọmọ. Àwẹ̀ró dúró sí ẹnu ọ̀nà kí gbogbo wọn lè rí ojú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ó sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó bá béèrè. Àwọn kan bú u. Ìyá arúgbó kan kí i.

Látúndé ti tan iná ọkọ̀.

Ó ku èdìdì mẹ́jọ.